Agbo Ilé Àwọn Kọ̀ǹpútà

Bí àlejò bá wọ ìlú, tí ó ń wá Àlàbí, kì í pariwo orúkọ Àlàbí káàkiri ìgboro. Agbo ilé Àlàbí ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Nígbà tí ó bá dé ibẹ̀ ni yóò tó béèrè ojúlé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn kọ̀ǹpútà ṣe ń wá ara wọn.

Bí a bá so kọ̀ǹpútà púpọ̀ pọ̀ kí wọ́n lè máa ránṣẹ́ sí ara wọn, a ó pè wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, èyí tí à ń pè ní àdírẹ́sì IP. Ọ̀nà mẹ́rin ni irú rẹ̀ kan tí ó wọ́pọ̀ pín sí. Nọ́ńbà ọ̀nà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti 0, kì í sì í ju 255 lọ. Àpẹẹrẹ kan ni 192.168.1.25.

Níhìn-ín, 192.168.1 ni agbo ilé, 25 sì ni ojúlé. Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe mọ ibi tí agbo ilé parí sí? Nọ́ńbà mìíràn ni ó ń fi í hàn án, èyí ni 255.255.255.0. Ibi tí 255 bá wà jẹ́ ti agbo ilé. Ibi tí 0 bá wà jẹ́ ti ojúlé.

Láti 0 dé 255 jẹ́ nọ́ńbà 256. Ṣùgbọ́n 0 dúró fún agbo ilé fúnra rẹ̀, 255 sì wà fún kíké sí gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, 254 ni ó kù fún àwọn kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ kí á wo ilé-ìwé kan tí ó kó gbogbo kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí agbo ilé kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá ń wá èkejì, a ké sí gbogbo wọn. Bí wọ́n bá ti ń pọ̀ sí i ni ariwo ń pọ̀, iṣẹ́ a sì máa falẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé kọ̀ǹpútà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè kàn sí èyí tí ìbéèrè ìdánwò wà nínú rẹ̀ tààrà.

Ohun tí ó yẹ ni kí á pín agbo ilé náà. Bí a bá pín in sí mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ní nọ́ńbà 64:

Èkíní: 0 sí 63
Èkejì: 64 sí 127
Ẹ̀kẹta: 128 sí 191
Ẹ̀kẹrin: 192 sí 255

Nọ́ńbà tí ó ṣáájú àti èyí tí ó kẹ́yìn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà, nítorí náà 62 ni yóò kù. Nọ́ńbà tí ń fi ààlà hàn yóò wá di 255.255.255.192. Subnet ni orúkọ tí wọ́n ń pe irú agbo ilé kékeré bẹ́ẹ̀.

Nísinsin yìí, bí kọ̀ǹpútà 25 bá fẹ́ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà 70, ó di dandan kí ó gba ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kan tí à ń pè ní rútà kọjá. Rútà dà bí ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà. Bí a bá pàṣẹ fún un pé kí iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe dé ọ́fíìsì olùkọ́, yóò dá a padà. Ṣùgbọ́n bí a kò bá pàṣẹ kankan, yóò jẹ́ kí ó kọjá. Nítorí náà, pípín nìkan kò tó. A gbọ́dọ̀ fún ọlọ́dẹ ní àṣẹ.

Ní ọdún 1981 ni wọ́n kọ òfin irú àdírẹ́sì yìí sílẹ̀. Ní ọdún 1984, Jeffrey Mogul ti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà kọ̀wé lórí bí a ṣe lè pín in. Ní ọdún 1985, òun àti Jon Postel gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀. Títí di òní ni à ń lò ó.

Ìdánrawò
1. Agbo ilé wo ni kọ̀ǹpútà 130 wà?
2. Kí ni iṣẹ́ rútà?
3. Bí a bá pín nọ́ńbà 256 sí agbo ilé méjì, kọ̀ǹpútà mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbà?