Ẹ̀jẹ̀ Àdàtúndà Láti Inú Iṣan Ọ̀nà Oúnjẹ Nínú Àrùn Sìrósíìsì

Ẹ̀jẹ̀ àdàtúndà láti inú iṣan ọ̀nà oúnjẹ jẹ́ ìṣòro tí ó máa ń bá àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti le, tí ó sì ti súnkì, nítorí àrùn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní sìrósíìsì. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà oúnjẹ, níbi tí ó ti wọ àpòlúkù, a máa wú, ara wọn a sì fẹ́lẹ́ títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi bẹ́. Aláìsàn lè bì ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lójijì, ìgbẹ́ rẹ̀ sì lè dúdú bí ọ̀dà. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá tilẹ̀ dá, ohun tí ó fà á kò tíì lọ. Bí a kò bá ṣe ìtọ́jú mìíràn, nǹkan bí 60 nínú 100 àwọn tí ó yè é ni ẹ̀jẹ̀ yóò tún dà lára wọn láàárín ọdún kan sí méjì. Nítorí náà, apá méjì ni ìtọ́jú rẹ̀ ní: dídá ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dà lọ́wọ́ dúró, àti dídènà èyí tí ó lè tẹ̀lé e.

Bí iṣan ṣe ń wú

Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ti inú ìfun àti àpòlúkù bọ̀ kì í lọ tààrà sí ọkàn. Inú ẹ̀dọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń gbà kọjá, nípasẹ̀ iṣan ńlá kan tí a lè pè ní iṣan ẹnu-ọ̀nà ẹ̀dọ̀. Nínú sìrósíìsì, àpá ti gba inú ẹ̀dọ̀ kan, ẹ̀jẹ̀ kò sì rí ọ̀nà kọjá bí ó ti yẹ. Bí odò tí a dí ṣe ń ya gba ibòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà ń ya sínú àwọn iṣan kéékèèké tí kò lágbára láti gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Àwọn oníṣègùn lè wọn ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tí ó ń wọ ẹ̀dọ̀ àti ti èyí tí ó ń jáde. Lára ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá, ìyàtọ̀ náà kì í ju 5 mmHg lọ. Bí ó bá tó 10, iṣan lè bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bí ó bá tó 12, iṣan tí ó ti wú lè bẹ́. Bí ìtọ́jú bá mú un wá sí ìsàlẹ̀ 12, tàbí tí ó dín in kù ní ìdá 20 nínú 100, ewu pé ẹ̀jẹ̀ yóò tún dà a dín kù gidigidi. Ìdí nìyí tí dídí ojú ibi tí ó bẹ́ nìkan kò fi tó.

Ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àrùn mẹ́dọ̀wú irú B wà lára àwọn olórí ohun tí ń fa sìrósíìsì. Ọtí àmujù àti mẹ́dọ̀wú irú C náà ń fà á. Aràn Schistosoma mansoni, tí ènìyàn máa ń kó láti inú omi odò, lè mú kí iṣan wú bákan náà láìjẹ́ pé sìrósíìsì wà. Ẹ̀dọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa síbẹ̀, ìrètí rẹ̀ sì máa ń dára ju ti onísìrósíìsì lọ.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà

Ilé ìwòsàn ni ibi kan ṣoṣo tí a ti lè tọ́jú ẹni tí ó ń bì ẹ̀jẹ̀. Ènìyàn lè rò pé ọgbẹ́ inú ni, tàbí pé ẹnì kan fún aláìsàn ní májèlé jẹ. Àyẹ̀wò ni yóò fi òótọ́ hàn. A máa ń fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀nba. Ó sábà máa ń jẹ́ ìgbà tí hemoglobin bá wá sí ìsàlẹ̀ gíráàmù 7 nínú désílítà kan ni a ń bẹ̀rẹ̀, a kì í sì í fẹ́ kí ó ju 8 lọ púpọ̀, nítorí àfajù ẹ̀jẹ̀ ń gbé ìfúnpá iṣan ẹnu-ọ̀nà ẹ̀dọ̀ sókè. A ń fún un ní oògùn tí ń mú ìfúnpá náà wálẹ̀, bíi terlipressin tàbí octreotide, fún ọjọ́ 2 sí 5. A tún ń fún un ní oògùn apakòkòrò bíi ceftriaxone, nítorí pé kòkòrò tí ó bá wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní àkókò yìí lè tètè pa á.

Láàárín wákàtí 12, ó yẹ kí dókítà fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí kámẹ́rà wà lórí rẹ̀ wo ọ̀nà oúnjẹ, kí ó sì fi rọ́bà kékeré so iṣan tí ó bẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ tí kò dá, a lè ti àpò rọ́bà tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọlé láti tẹ iṣan náà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju wákàtí 24 lọ.

Dídènà àtúndà

Ìtọ́jú méjì ni a ń lò pọ̀. Èkíní ni oògùn. Propranolol jẹ́ oògùn ọkàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1981, Didier Lebrec àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé fi hàn pé ó ń dènà kí ẹ̀jẹ̀ tún dà lára onísìrósíìsì. Carvedilol náà ń ṣe iṣẹ́ yìí. Dókítà a máa fi ìwọ̀n propranolol kún díẹ̀díẹ̀ títí ọkàn yóò fi máa lù ní ìgbà 55 sí 60 ní ìṣẹ́jú kan, láìjẹ́ kí ìfúnpá òkè wá sí ìsàlẹ̀ 90. Kò yẹ ẹni tí ó ní ikọ́ fée. Ẹni tí ó ń lò ó kò sì gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀.

Èkejì ni síso iṣan. Tẹ́lẹ̀, oògùn ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún sínú iṣan tí ó wú kí ó lè gbẹ. Greg Stiegmann ní Amẹ́ríkà ló mú rọ́bà dé, àyẹ̀wò tí ó jáde ní 1992 sì fi hàn pé wàhálà tí síso ń dá sílẹ̀ kéré sí ti abẹ́rẹ́. A ń tún síso náà ṣe ní ọ̀sẹ̀ 1 sí 4 títí iṣan wíwú yóò fi tán. Lẹ́yìn èyí, a ń yẹ̀ ẹ́ wò láàárín oṣù 3 sí 6, lẹ́yìn náà ní oṣù 6 sí 12, nítorí iṣan lè tún wú.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ti ń bọ́. Ara aláìsàn ti yá, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ilé ìwòsàn tí ó ní ẹ̀rọ náà lè jìnnà sí i, owó rẹ̀ sì lè wúwo. Ṣùgbọ́n propranolol kì í ṣe oògùn olówó gọbọi. Níbi tí síso kò bá ti ṣeé ṣe, lílo oògùn nìkan sàn ju kí a jókòó láìṣe nǹkan.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún dà síbẹ̀

Àwọn dókítà lè la ọ̀nà tuntun fún ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀, kí wọ́n sì fi ọ̀pá ihò onírin tì í kí ó má baà dí. Ìlú Freiburg ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é fún aláìsàn ní 1988. Ó ń dín ìfúnpá kù gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀dọ̀ kò sẹ́ lè gbé èérí dé ọpọlọ, kí ọ̀rọ̀ aláìsàn máa dàrú. Iṣẹ́ yìí ṣì ṣọ̀wọ́n ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Fún àwọn kan, pípàrọ̀ ẹ̀dọ̀ ni ìwòsàn tòótọ́.

Títọ́jú gbòǹgbò àrùn

Ẹni tí mẹ́dọ̀wú irú B bá fa tirẹ̀ nílò oògùn bíi tenofovir, èyí tí ó lè mú kí ẹ̀dọ̀ sàn díẹ̀díẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú ọtí pátápátá, kí ó yẹra fún aspirin àti ibuprofen, kí ó má sì mu àgbo tí dókítà rẹ̀ kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ó yẹ kí a ṣe àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú fún ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára lè dènà mẹ́dọ̀wú irú B láti ìbẹ̀rẹ̀. Orílẹ̀-èdè Gáḿbíà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní 1986, nínú ìwádìí ńlá kan. Nàìjíríà fi í kún àjẹsára ọmọdé ní 2004. Láàárín wákàtí 24 tí a bí ọmọ ni ó yẹ kí ó gba ti àkọ́kọ́.