Egbò Gbẹ, Kòkòrò Kù: Àlàyé lórí Hẹ́pìsì láàárín Lọ́kọláya, fún Olùkọ́ ní Rígásà

Ìfáàrà

Ní Rígásà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìgábì, níbi tí ọkọ̀ ojú irin láti Àbújá ti ń já èrò láti oṣù keje ọdún 2016, ọ̀pọ̀ èdè ló ń pàdé lójú pópó. Hausa tó ń ta oògùn àrùn abẹ́ á pe tirẹ̀ ní "maganin sanyi", ìyẹn oògùn òtútù. Yorùbá tó ń kiri agbo á ní agbo àtọ̀sí ni tòun. Orúkọ méjèèjì gbòòrò ju àrùn kan lọ: ìtọ̀ gbígbóná, ara yíyún, egbò ojú ara, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó sábẹ́ ẹ̀. Hẹ́pìsì kò ní orúkọ kan tí gbogbo wa jọ ń pè é, mo sì gbà pé àìlórúkọ yìí wà lára ohun tó ń da ilé rú. Olùkọ́ tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí àtọ̀sí ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, nítorí bakitéríà ló ń fa àtọ̀sí, oògùn sì lè wò ó tán. Fáírọ́ọ̀sì ni hẹ́pìsì.

Ohun tí kòkòrò náà ń ṣe

Oríṣi méjì ló wà. Oríṣi kìíní (HSV-1) ló sábà ń yọ sí ètè, tí a máa ń sọ pé ibà ló yọ sẹ́nu; láti kékeré ni ọ̀pọ̀ ti ń kó o. Oríṣi kejì (HSV-2) ni ti ojú ara, ìbálòpọ̀ sì ni ọ̀nà rẹ̀. Oríṣi kìíní náà lè dé ojú ara bí ẹnu bá kàn án. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, nǹkan bí 520 mílíọ̀nù ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 49 ló ní oríṣi kejì.

Bí ó bá wọlé, egbò wẹ́wẹ́ tó lómi nínú lè sú láàárín ọjọ́ méjì sí méjìlá. Tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ó ti gbẹ. Yóò gbẹ bí a mu agbo, yóò gbẹ bí a kò mu ún. Ibí yìí ni olóògùn ti ń gba ìyìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Kòkòrò náà kò kú. Ó gba inú iṣan ìmọ̀lára lọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, ó sùn síbẹ̀. Bí ó bá jí, yóò padà sí awọ ara, nígbà mìíràn pẹ̀lú egbò, nígbà mìíràn láìsí ohun tí ojú lè rí. Ìgbà tí ojú kò rí nǹkan yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kó o ran ẹnìkejì wọn.

Ewu láàárín ẹni méjì

Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2004 tẹ̀lé tọkọtaya 1,484 fún oṣù mẹ́jọ. Ẹnìkan ní oríṣi kejì, ẹnìkejì kò ní. Gbogbo wọn ni a gbà níyànjú láti lo kọ́ńdọ̀mù. Láàárín 741 tí ẹnìkejì wọn ń gba oògùn tí kò ní nǹkan nínú, 27 ló kó o. Láàárín 743 tí ẹnìkejì wọn ń lo valacyclovir lójoojúmọ́, 14 ni. Oògùn dín in kù, kò pa á rẹ́. Ẹ tún wo apá kejì: ọ̀pọ̀ jù lọ kò kó o rárá láàárín oṣù mẹ́jọ náà. Ìdí nìyẹn tí ọkọ fi lè ní in fún ọdún púpọ̀ kí ìyàwó tó kó o. Ara obìnrin sì tètè ń gbà á ju ti ọkùnrin lọ. Ìwádìí mìíràn ní orílẹ̀-èdè méje nílẹ̀ Áfíríkà fi hàn pé acyclovir kò dín ríràn rẹ̀ kù fún àwọn tó ní HIV pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi oògùn aládùúgbò ṣe tirẹ̀.

Ṣé ara ń ní àjẹsára sí i?

A mọ̀ pé ẹni tó ti ṣe ìgbóná rí kì í sábà ṣe é mọ́, a sì fi èyí díwọ̀n gbogbo àrùn. Ti hẹ́pìsì yàtọ̀. Ara ń pèsè ọmọ ogun, ṣùgbọ́n wọn kò lè lé kòkòrò tó ti sá sínú iṣan jáde. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń rọ agbára rẹ̀. Ìdí nìyí tí egbò àkọ́kọ́ fi máa ń le jù. Ẹni tó ti ní oríṣi kìíní ṣì lè kó oríṣi kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè rọ̀ ọ́ lára díẹ̀. Bí tọkọtaya bá jọ ní oríṣi kan náà, kì í sábà sí pé wọ́n tún ń kó o ran ara wọn.

Àjẹsára yìí ṣe pàtàkì jù fún aboyún. Èyí tó ti ní in kó tó lóyún ń fi ọmọ ogun ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ inú. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o nígbà tí oyún ti gbó kò tíì ní nǹkan tí yóò fún un, ewu ọmọ náà sì pọ̀ gan-an. Bí ọkọ bá ní in tí aya kò ní, kí wọ́n yẹra fún ìbálòpọ̀ ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kò tíì sí. Èyí tí a dán wò lára àwọn obìnrin tó lé ní 8,000 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2012, kò dènà oríṣi kejì.

Ẹjọ́ inú ilé

Ọkọ rí egbò lára ìyàwó lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, ó pe ẹbí jọ. Ta ló gbé e wọlé? Egbò náà kò lè dáhùn. Ó lè jẹ́ ọkọ fúnra rẹ̀, kí ó tó gbéyàwó, tí kò sì rí egbò kan rí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè sọ pé ara ti pàdé kòkòrò náà. Kò lè sọ ọjọ́ tàbí ẹni tó mú un wá. Àyẹ̀wò HIV àti jẹ́nótáìpù tí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì máa ń béèrè ṣáájú ìgbéyàwó kò yẹ hẹ́pìsì wò. Kí àwọn méjèèjì jọ lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí egbò ṣì tutù, kí wọ́n lè mú omi rẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí oògùn sì tètè bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n yẹ HIV wò pẹ̀lú, torí oríṣi kejì yìí ń sọ ewu kíkó HIV di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta.