Bí A Ṣe Lè To Sípíkà sí Ẹ̀gbẹ́ Tẹlifíṣọ̀n Láìsí Ewu

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, àwòrán dúdú àti funfun ni àwọn ènìyàn ń wò. Lẹ́yìn náà ni àwòrán aláwọ̀ dé, ìṣòro kan sì bá a wọlé. Títí di òní, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ẹlẹ́yìn gígùn ṣì wà ní pálọ̀ àwọn àgbà kan ní agbègbè wa. Bí a bá gbé sípíkà ńlá tì í, àbàwọ́n pupa tàbí àwọ̀ ewé a yọ ní igun àwòrán. Onílé a rò pé tẹlifíṣọ̀n ti bàjẹ́, a sì ná owó tí ìbá fi ra ìwé fún ọmọ.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ ó rántí ẹ̀kọ́ físíìsì, bí òòfà ti ń darí lẹ́búlẹ́bú irin lórí pépà. Òòfà ńlá wà lẹ́yìn sípíkà. Nínú tẹlifíṣọ̀n náà, ìṣàn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta ni ó ń kọjá lójú ihò wẹ́wẹ́ ara irin pẹlẹbẹ kan, kí wọ́n lè tan àmì pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró. Òòfà a yí wọn kúrò lọ́nà, ọ̀kan a sì bọ́ sórí àmì èkejì. Bí ó bá pẹ́, irin náà yóò gba agbára òòfà, àbàwọ́n náà yóò sì dúró bí a tilẹ̀ gbé sípíkà kúrò.

Àwọn sípíkà kan wà tí a ti bo òòfà wọn kí agbára rẹ̀ má baà jáde. Èyí tí a kò bò, bíi ti ọkọ̀ àti ti òde àríyá, ni kí a ṣọ́ra fún. Ẹ kọ́kọ́ gbé e jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ẹ tan tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ máa sún sípíkà mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Níbi tí àwọ̀ bá ti ń yí padà, ẹ fà á sẹ́yìn dáadáa.

Bí àbàwọ́n bá kọ̀ tí kò lọ, ẹ gbé sípíkà kúrò, kí ẹ fi bọ́tìnì ara tẹlifíṣọ̀n pa á fún ìdajì wákàtí, kì í ṣe rìmóòtù nìkan. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, wáyà kan wà tí ó máa ń wẹ agbára òòfà nù nígbà tí a bá tún un tàn. Nígbà mìíràn, iná tí wọ́n mú lọ tí wọ́n sì dá padà a ti ṣe iṣẹ́ yìí fún wa láìmọ̀! Ó lè gbà tó ìgbà méjì tàbí mẹ́ta. Bí kò bá lọ síbẹ̀, ẹ pe oníṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n. Ẹ má ṣe tú ẹ̀yìn rẹ̀ fúnra yín: iná inú rẹ̀ lè ju 20,000 fóltì lọ, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà lára ògiri.

Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ti òde òní kò ní ìṣàn yìí, nítorí náà òòfà sípíkà kì í ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n irú èyí tó wù kó jẹ́, ẹ má ṣe gbé sípíkà lé orí rẹ̀ tàbí sí orí tábìlì tí ó ń mì, kí ó má baà wó lu ọmọdé.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń gbé ẹ̀bùn wá sílé fún òbí, ẹ má ṣe já a sílẹ̀ kí ẹ sì padà sí ìdálẹ̀. Ẹ bá wọn tò ó, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Kí Olúwa pa ilé gbogbo wa mọ́.