Òrùka Kékeré Tó Di Fáànù Mú

Àwọn kan nínú yín ní kí n kọ ọ̀rọ̀ fáànù tí mo sọ lórí ètò wa sílẹ̀, torí pé mo sáré sọ ọ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Yorùbá ò lè bá mi. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká rọra gbà á báyìí.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé wa ní Lanham, ní Prince George's County, mo ní kọ̀ǹpútà kékeré kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju pé kó máa tọ́jú fáìlì ẹbí lọ. Ohùn ìyá màmá mi wà nínú rẹ̀. Oríkì ilé wọn ni wọ́n ń kì, tí mo fi fóònù gbà sílẹ̀ kí wọ́n tó papò dà, mi ò sì tíì da ohùn náà kọ síbòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀, ẹ má bú mi. Ní oṣù Keje, kọ̀ǹpútà yìí bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara rẹ̀. Mo tàn án, ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó kú. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná bí ìkòkò orí iná. Fáànù rẹ̀ ò yí mọ́.

Iṣẹ́ sọ́fítíwíà ni mò ń ṣe. Tí mo bá ba nǹkan jẹ́ níbi iṣẹ́, mo lè dá a padà sí bó ṣe wà lánàá. Fáànù ò gba irú ìyẹn. Mo tú u jáde, mo wò ó níwájú, mo wò ó lẹ́yìn, mi ò rí síkúrù kankan tó so ohun tó ń yí mọ́ ara rẹ̀. Mo ti wo fídíò kan tí ẹnì kan ti fi ọwọ́ lásán fa tiẹ̀ yọ. Mo wá pe àbúrò mi kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Computer Village, Ìkẹjà, mo gbé fóònù síbi tó ti lè rí ọwọ́ mi.

"Bọ̀dá mi, ẹ má fà á o!"

Mo ti fà á.

"Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe dún?"

"Mo gbọ́ tá!"

"Òrùka rẹ̀ lẹ gbọ́ yẹn. Ó ti já. Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

Òrùka wo? Ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ orúkọ nǹkan. Èyí tí a ń fi ọwọ́ fẹ́ ni abẹ̀bẹ̀. Èyí tó ń lo iná, fáànù ni gbogbo wa ń pè é. Ohun tó ń yí i, ẹ́ńjìnnì ni màá pè é níbí, torí tí mo bá ní mọ́tò, ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ yín máa rò.

Ẹ́ńjìnnì fáànù pín sí méjì: apá tó jókòó àti apá tó ń yí. Apá tó jókòó lẹ̀ mọ́ férémù. Páìpù kékeré kan wà láàárín rẹ̀, béárìn wà nínú páìpù yẹn, wọ́n sì to irin yí páìpù náà ká, wọ́n wé wáyà bàbà mọ́ irin ọ̀hún. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni pátákó iná kékeré wà, pẹ̀lú ẹ̀yà kan tó ń mọ ibi tí òòfà dé. Apá kejì, èyí tó ń yí, ni ìyẹ́ fáànù tí gbogbo èèyàn ń rí. Tí ẹ bá dojú rẹ̀ délẹ̀, ó dà bí ife. Òòfà rìbìtì kan lẹ̀ mọ́ inú ife náà yí ká, ọ̀pá irin kan sì dúró ṣánṣán láàárín rẹ̀, ó nípọn tó mìlímítà 2 tàbí 3. Ọ̀pá yìí ló ń wọ inú béárìn.

Tí iná bá wọ wáyà bàbà, irin tí wọ́n wé e mọ́ á di òòfà fún ìgbà díẹ̀. Á fa òòfà tó wà lára ìyẹ́, á tún tì í. Ẹ̀yà tó ń ṣọ́ òòfà yẹn á yí ojú iná padà lásìkò tó yẹ, ìyẹ́ á sì máa lọ. Ẹ kíyè sí i pé ohun tó ń yí ò kan wáyà rárá. Ibì kan ṣoṣo tí irin ti ń kan irin ni inú béárìn, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ fáànù ti ń kú.

Béárìn inú fáànù olówó pọ́ọ́kú kì í sábà ní bọ́ọ̀lù nínú. Idẹ ni. Wọ́n á lọ idẹ bí ìyẹ̀fun, wọ́n á kì í sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n á wá fi iná sun ún títí á fi lẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ihò wínníwínní á ṣẹ́kù sínú rẹ̀ bíi ti kàn-ìn-kàn-ìn. Epo ni wọ́n ń fi kún àwọn ihò yẹn. Tí ọ̀pá bá ń yí, epo á jáde sí i lára. Tí fáànù bá dúró tó tutù, díẹ̀ nínú epo náà á padà wọlé. Lọ́dọọdún, epo yìí ń dín kù, eruku ń kún un, títí á fi di bí ẹ̀kọ tó dì. Ohun tó ṣe tèmi nìyẹn.

Ó wá ku ìbéèrè kan. Tí kò bá sí síkúrù, kí ló dé tí ìyẹ́ ò fi fò jáde? Ẹ ronú nípa àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi ní Makoko. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ fi àjẹ̀ ti omi sẹ́yìn, omi wá ti ọkọ̀ síwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti fáànù. Bó ṣe ń ti afẹ́fẹ́ lọ sápá kan ni afẹ́fẹ́ ń ti ìyẹ́ lọ sápá kejì. Nínú ọ̀pọ̀ fáànù kọ̀ǹpútà, ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, níbi tí bébà orúkọ ilé iṣẹ́ lẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni pé iwájú ni afẹ́fẹ́ ń ti ìyẹ́ sí, gẹ́lẹ́ ibi tí ọ̀pá lè gbà yọ kúrò nínú béárìn. Gbogbo ìgbà tí fáànù bá ń ṣiṣẹ́, ṣe ló ń wá bó ṣe máa sá jáde nínú ilé ara rẹ̀.

Ohun méjì ló ń dá a dúró. Àkọ́kọ́ ni òòfà. Àwọn tó ṣe é kì í fi àárín òòfà ṣe déédéé àárín irin tó wà nínú; wọ́n á gbé òòfà sókè díẹ̀. Torí náà, irin ń fa òòfà wọlé nígbà gbogbo, kódà tí iná ò bá sí. Ẹ lè dán an wò: ẹ mú fáànù tí wọn ò so mọ́ iná, ẹ fi ìka méjì fa ìyẹ́ rẹ̀ díẹ̀ síta, ẹ tú u sílẹ̀. Á padà sáyè rẹ̀ fúnra rẹ̀. Agbára yìí ju ti afẹ́fẹ́ lọ, òun ló ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Ìkejì ni òrùka tí mo já. Wọ́n gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí ìdí ọ̀pá ká. Nínú kòtò yìí ni òrùka ike kékeré kan máa ń wọ̀, òrùka tó la ní ẹ̀gbẹ́ kan kó lè ṣí díẹ̀ kó sì tún padà. Òrùka yìí fẹ̀ ju ihò béárìn lọ, torí náà ọ̀pá ò lè gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí nǹkan bá ń lọ geerege, kò sí ẹrù púpọ̀ lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí páálí bá já bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e wá, tàbí tí ẹnì kan bá fi ẹsẹ̀ kọ kọ̀ǹpútà, ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ.

Ti fáànù tó ní béárìn oníbọ́ọ̀lù le díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n sábà máa ń fi sípíríǹgì kékeré sábẹ́ ìyẹ́ kí àwọn bọ́ọ̀lù má baà máa mì. Sípíríǹgì ń ti ìyẹ́ síta, òrùka ń fà á wọlé, wọ́n ń bá ara wọn jà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe fáànù náà. Tí ẹ bá yọ òrùka irú èyí, ẹ fi ọwọ́ kan di ìyẹ́ mú, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ sípíríǹgì á fò lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni inú fídíò yẹn ńkọ́, tó fà á tí nǹkan kan ò ṣe? Fáànù laptop ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fáànù laptop ò ní òrùka rárá. Ìdí ọ̀pá wọn rí rọ̀bọ̀tọ̀, ó sì dúró lórí pẹlẹbẹ kan bí òkòtó tí a ń ta lórí sìmẹ́ǹtì. Òòfà nìkan ló dì í mú. Irú ìyẹn ṣeé fi ọwọ́ fà yọ. Èmi wá fi òfin ilé kan ṣèdájọ́ nílé ẹlòmíràn.

Nígbà tí mò ń sọ ìtàn yìí fún ìyàwó mi, a ń kọjá níwájú Goddard ní Greenbelt, níbi tí NASA ti ń darí Hubble, awò awọ̀nàjíjìn tí wọ́n gbé lọ sí òfurufú ní 1990. Inú county wa kan náà nibẹ̀ wà. Hubble náà ní ohun tó ń yí nínú, gyroscope, tó fi ń mọ̀ bóyá òun ń yí ojú padà. Àgbá inú gyroscope kọ̀ọ̀kan ń yí nígbà 19,200 ní ìṣẹ́jú kan. Fáànù tèmi, tí ara rẹ̀ bá yá, kò lè ju nǹkan bí 2,000 lọ. Epo kọ́ ni àgbá yẹn ń yí lé. Gáàsì ló gbé e dúró, kí irin má baà máa ha irin. Ẹ wá wo ohun tó ń pa wọ́n: wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ, tó ń gbé iná wọ inú rẹ̀, ló ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ títí á fi já. Ní oṣù Karùn-ún 2009, àwọn tó lọ sí òfurufú pààrọ̀ gbogbo gyroscope mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kò sẹ́ni tó tún padà lọ síbẹ̀ lọ tún un ṣe. Ní oṣù Kẹfà 2024, NASA kéde pé ẹyọ kan ṣoṣo ni Hubble á máa lò, kí òmíràn tó ṣì dára lè wà nípamọ́. Wọ́n ò lè fa tiwọn yọ wò. Èmi tí tèmi wà lórí tábìlì, mi ò ní sùúrù.

Bó ṣe yẹ kí n ti ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ rèé, bí àbúrò mi ṣe kọ́ mi. Bébà ẹ̀yìn fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, ẹ fi ẹ̀rọ ìgbẹrun mú un gbóná díẹ̀ kó má baà ya. Ìdérí rọ́bà lè wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ ọ́. Ẹ máa rí ìdí ọ̀pá àti òrùka tó yí i ká. Ẹ ti fáànù àti ọwọ́ yín méjèèjì bọ inú ọ̀rá tó mọ́ gaara, kí ẹ wá fi abẹ́rẹ́ méjì ṣí òrùka náà níbi tó ti là. Á fò. Inú ọ̀rá lẹ máa ti rí i, kì í ṣe inú kápẹ́ẹ̀tì. Tí ìyẹ́ bá ti yọ, ẹ ya fọ́tò àwọn wáṣà pẹlẹbẹ tó wà lára ọ̀pá kí ẹ tó yọ wọ́n, torí bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra ṣe pàtàkì.

Ẹ nu epo àtijọ́ kúrò, ẹ kán epo maṣíìnì ìránṣọ ẹ̀kán méjì péré. Kì í ṣe WD-40, tó máa gbẹ dànù láìpẹ́. Kì í sì ṣe òróró ìdáná. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń rò ó. Ẹ dá ìyẹ́ padà, ẹ gbé òrùka lé ìdí ọ̀pá, ẹ fi páìpù bírò tí ẹ ti yọ yíǹkì inú rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Tí ó bá wọ kòtò, ẹ máa gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìyẹ́ wò: ó yẹ kó yẹ̀ díẹ̀, ó kéré ju mìlímítà kan lọ, kó sì padà. Tí kò bá yẹ̀ rárá, wáṣà kan ti pọ̀ jù tàbí kò sí láyè rẹ̀, fáànù náà á sì máa ha.

Ẹ jọ̀ọ́, tí fáànù náà bá wà nínú àpótí iná kọ̀ǹpútà, ibi tí wáyà ògiri ń wọ̀, ẹ má tú u. Iná lè ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ní tèmi, òrùka ti já sí méjì. Mo ní kí n fi gúlúù lẹ̀ ẹ́.

"Bọ̀dá mi, tí gúlúù bá kán sínú béárìn, ẹ ti sin ín nìyẹn. Ẹ wá òkú fáànù míì tí ọ̀pá rẹ̀ bá tèyí dọ́gba."

Mo rí ọ̀kan nínú páálí àwọn ìdọ̀tí tí ìyàwó mi ti ní kí n kó dànù láti ọdún mélòó kan. Òrùka àkọ́kọ́ tí mo yọ tóbi jù. Ìkejì wọlé, ó dún. Mo tan kọ̀ǹpútà, mo sì jókòó tì í títí mo fi da gbogbo ohùn ìyá àgbà kọ sí díìsì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Díìsì kan ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Bowie báyìí.