Kí Alángbá Inú Àgò Lè Bímọ
Ẹni tí ó bá rí alángbá tí ń yá oòrùn lórí àpáta Ìgbẹ́tì lè rò pé ooru nìkan ni wọ́n ń fẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Akọ kan ni kí ẹ fi sínú àgò pẹ̀lú abo méjì. Akọ méjì yóò jà, wọn kì í sì í gbọ́ ìlàjà. Ẹ fún wọn ní ikán àti tata.

Iyẹ̀pẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Bí kò bá ní ọ̀rinrin, ẹyin yóò gbẹ. Ooru rẹ̀ ni í sì í sọ ọmọ di akọ tàbí abo. Ní Dakar, ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, Charnier fi èyí hàn ní 1966: ẹyin tí ó wà nínú ooru ìwọ̀n 29 ti Celsius di akọ, ní ìwọ̀n 26 sí 27, abo ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá kó gbogbo ẹyin sí ojú kan lè máa wá aya fún wọn lọ́la.