Táǹkì 'Jámánì' inú sinimá ogun àtijọ́, ṣé ti Jámánì ni lóòótọ́?

Bí ẹ bá ti wo sinimá Battle of the Bulge, tó jáde lọ́dún 1965, ẹ ó ti rí àwọn táǹkì ogun ńlá tí wọ́n pè ní Tiger ti Jámánì. Irọ́ ni. M47 Patton ti Amẹ́ríkà ni wọ́n, ogun sì ti parí kí wọ́n tó ṣe irú rẹ̀ jáde.

Sípéènì ni wọ́n ti ya sinimá náà, àwọn ológun ibẹ̀ ló yá wọn ní táǹkì, torí ojúlówó Tiger tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ogun kò tó nǹkan.

Inú yìnyín ni ogun gidi ti wáyé ní Bẹ́ljíọ̀mù lóṣù Kejìlá ọdún 1944. Ilẹ̀ gbígbẹ ni ìjà táǹkì tó kẹ́yìn nínú sinimá ti wáyé. Nǹkan bí 19,000 ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló kú lójú ogun yẹn. Abájọ tí Dwight Eisenhower, ọ̀gá wọn nígbà náà, fi bu ẹnu àtẹ́ lu sinimá ọ̀hún.

Nígbà tó di ọdún 2014, sinimá Fury lo ojúlówó: Tiger 131. Ilẹ̀ Áfíríkà, ní Tùnísíà, ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á lọ́wọ́ Jámánì lọ́dún 1943.