Ohun Tí Ibi Ń Tọ́jú Pamọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi mí pé kí ló kan nọ́ọ̀sì pẹ̀lú bí ọlẹ̀ ṣe ń sọ nínú ìyàwó àbúrò yín, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ní ó ń ṣe é. Ibi ọmọ ló so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀.

Nílẹ̀ wa, bí ọmọ bá ti wálẹ̀, gbogbo ilé á máa retí ibi, bàbá ọmọ á sì lọ rì í. Iṣẹ́ tó ti ṣe kó tó di rírì la kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ. Nígbà ìbímọ, ó máa ń tó nǹkan bíi ìdajì kílò. Ìhà kan rẹ̀ ń dán, iṣan ẹ̀jẹ̀ fọ́n ká lára rẹ̀ láti ìdí ìwọ́. Ìhà kejì pọ́n rokoso, ó sì rí gbágungbàgun. Ìhà yẹn ló fi lẹ̀ mọ́ ilé-ọmọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé oúnjẹ kàn ń gba inú ibi kọjá lọ bá ọmọ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi fúnra rẹ̀ ń jẹun, iṣẹ́ tó ń ṣe tọ̀sán-tòru sì ń gba agbára. Ìdí nìyẹn tó fi ń tọ́jú nǹkan pamọ́. Ní 1859, Claude Bernard, onímọ̀ ará Faransé, kéde pé òun rí glycogen nínú ibi ẹranko. Glycogen ni ṣúgà tí ara kó jọ de ọjọ́ ọ̀wọ́n. Ó wà nínú ẹ̀dọ̀ àti ẹran ara tiwa náà. Bernard gbà pé ibi ló ń bá ẹ̀dọ̀ ọmọ ṣe iṣẹ́ yìí títí ẹ̀dọ̀ náà yóò fi lè dá a ṣe. Láìpẹ́ yìí, àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà tún rí i pé ibi ènìyàn lè ṣe creatine fúnra rẹ̀, èròjà inú ẹran àti ẹja tó máa ń tètè dá agbára padà fún ara.

Ní oyún tó ń lọ geerege, àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ìyá wá síbi tí ibi lẹ̀ mọ́ máa ń fẹ̀ dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ oyún tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wọ̀, wọn kì í fẹ̀ tó. Ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé kò ní í tó, ọ́síjìn náà á dín kù. Ohun tó jọ mí lójú jù ni pé àwọn olùwádìí kan wọn ibi irú àwọn aboyún bẹ́ẹ̀, wọ́n sì bá glycogen tó ju ti ìgbà gbogbo lọ nínú rẹ̀. Àká kún, ebi sì lè máa pa ọmọ.

Ọmọ náà kì í wò níran. Á darí ẹ̀jẹ̀ sí ọpọlọ àti ọkàn, á dín ti ìfun, kíndìnrín àti apá òun ẹsẹ̀ kù. Nítorí kíndìnrín tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dín, ìtọ̀ ọmọ á dín, omi tó yí i ká á sì fà. Á tún máa ṣún agbára lò, kò ní í fi bẹ́ẹ̀ yí síhìn-ín sọ́hùn-ún mọ́. Ohun tí nọ́ọ̀sì ń ṣọ́ nìyẹn. Bí ọlẹ̀ bá sọ kéré sí ti àná, kí ìyàwó àbúrò yín má dúró di ọjọ́ àyẹ̀wò, kó gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀.

Ìrọbí tún le fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí ilé-ọmọ bá ti sún kì, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ibi á dín fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ tó ní ìpamọ́ á rọ́jú. Ìlù ọkàn ẹni tí tirẹ̀ ti ń tán lè lọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí agbẹ̀bí fi ń gbé ìwo tó fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ sí ikùn lẹ́yìn ìrora, tó ń retí kí ọkàn ọmọ máa lù láàárín 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan.

Bí ọmọ bá sì wá kéré nígbà tí wọ́n bí i, glycogen inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gún un ní gìgísẹ̀ kí wọ́n wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tẹ́ ẹ lé ìyá rẹ̀ láyà kí otútù má mú un, kó sì mu ọmú kí wákàtí kan tó pé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún wàrà àkọ́kọ́ yẹn dànù.